Ìyá Àgbà Mi, Tí Wọ́n Sọ Ara Wọn Di Ìyàwó Ìkẹ́yìn

Ọjọ́ tí a sin Ìyá Àgbà sí Òṣogbo, bàbá arúgbó kan la àárín èrò kọjá, ó ń bọ̀ tààrà síbi sàréè. Ó wọ agbádá funfun, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́, eruku ọ̀nà sì ti sọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ di pupa. Àwọn ààfáà ti parí àdúà, ó ku kí ẹbí máa bu yèèpẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan tó wá láti Iléṣà, tí kì í gba ìgbàkugbà, dí i lọ́nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹbí nìkan ló kù níbẹ̀ yẹn. Kí lẹ jẹ́ sí wọn?"

Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní, "Èmi ni ìyálé wọn."

Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ń wo ara wọn lójú, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ti yí bàbá lórí. Ẹ̀rín pa àwa tí a mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín náà ló sì gbé ẹkún dé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo mú un débi sàréè, ó bu yèèpẹ̀ tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tún bi í léèrè ohunkóhun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, Kọ́lápọ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwàrajà ni. Ọjọ́ orí Ìyá Àgbà tó ti ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Kí ẹni tí kò gbé pẹ̀lú wa tó lè mọ bí ọkùnrin ṣe di ìyálé obìnrin tó tó ìyá rẹ̀, n óò kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí obìnrin náà jẹ́. Mi ò ní ka ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin o. Bí mo bá dán irú ẹ̀ wò, Ìyá Àgbà ìbá ti bi mí pé ta ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé Ìyá Àgbà kì í tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ "ẹ má bínú" kò sí lẹ́nu wọn rárá. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, wàá kàn rí i lálẹ́ pé ẹran inú ọbẹ̀ rẹ pọ̀ ju ti àná lọ, kí o yáa tètè mọ̀ pé wọ́n ti bẹ̀ ọ́ nìyẹn. Ọmọ ilé aláró ni wọ́n ní Òṣogbo, ilé àwọn Mùsùlùmí àtijọ́, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń dúró ti aró látàárọ̀, tí wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Wọ́n bá àbúrò wọn obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, yan odì nítorí ìkòkò kan tó yá tí kò tètè dá padà. Nígbà tí ìkòkò náà wá dé, Ìyá Àgbà yẹ̀ ẹ́ wò yí ká, wọ́n ní ìdérí rẹ̀ kọ́ nìyẹn. Odì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Èmi ni ẹbí rán láti bẹ̀ wọ́n, nítorí pé wọ́n ní èmi ni àyò wọn. Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi tán, wọ́n ní, "Mo ti dárí ji àbúrò mi tipẹ́tipẹ́, Àkànní. Ìkòkò yẹn ni mi ò tíì dárí jì."

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ rántí rẹ̀ bí ẹ ṣe ń bá mi bọ̀.

Olùkọ́ ni wọ́n ní yunifásítì, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di tíṣà. Àgbà ti dé sí wọn kí wọ́n tó gba oyè àkọ́kọ́, wọ́n ti bímọ tán, ọmọ wọn àkọ́bí, ìyẹn bàbá mi, ti ń fá irùngbọ̀n. Láàárọ̀, mọ́tò yunifásítì á wá gbé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé Òṣogbo, Ìyá Àgbà á sì ti dúró lẹ́bàá ọ̀nà kí mọ́tò tó dé. Wọn ò fẹ́ràn kí wọ́n dúró de ènìyàn, wọn ò sì fẹ́ kí ènìyàn dúró dè wọ́n. Nínú mọ́tò yẹn, bí wọ́n bá rí ojú tuntun, ìbéèrè kan ni wọ́n máa ń bi í. Wọn kì í bi í pé ọmọ ta ni, wọn kì í bi í pé ìwé mélòó ló kà. Wọ́n á ní, "Ta ló dé ṣáájú ẹ?"

Iléṣà ni wọ́n ti rí ìbéèrè yẹn, kì í ṣe inú ìwé. Ọmọ Iléṣà ni Bàbá Àgbà, akọ̀wé réluwéè ni nígbà náà, inú agbo ilé ńlá ní Iléṣà ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú ìyàwó tuntun náà lọ. Ìyá Àgbà dé ibẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n dé ìlú òyìnbó. Wọ́n ń pe ilé ní ulé, wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, àwọn obìnrin ilé pọ̀ bí eṣú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tí wọ́n ń ṣe àti ohun tí wọn kì í ṣe. Ẹ mọ̀ pé nílé ọkọ, a kì í ka ọjọ́ orí. Ọjọ́ tí o wọlé là ń kà. Ìyàwó tó dé gbẹ̀yìn ṣáájú Ìyá Àgbà ni ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀ní. Ìyá Àgbà jù ú lọ dáadáa, síbẹ̀ ìyálé wọn ni, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa kúnlẹ̀ kí i.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ kékeré kan ń sáré lọ sídìí iná, Ìyá Àgbà sì la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀. Àbẹ̀ní fa ìró wọn látẹ̀yìn, ó fà á débi pé díẹ̀ ló kù kó tú. Ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá bá nílé ọkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ìkókó tí wọ́n sọ lórúkọ lánàá. Orúkọ àpọ́nlé ni yóò fún un, irú bí Akọ̀wé, tàbí Ọkọ Mi Kékeré. Àbẹ̀ní kò kà á níbì kankan. Kò pẹ́ tí òun náà ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn, tí wọ́n ní kó pọn omi kún gbogbo àmù ilé. Lọ́jọ́ tó fa ìró náà, ìyálé àgbà ilé jókòó sítòsí, ó ń bó ẹ̀gúsí, kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀. Kì í ṣe pé ìkà ni. Ó ti pẹ́ nílé náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rántí mọ́ pé ènìyàn lè má mọ̀.

Ìyá Àgbà sọ ìtàn yìí fún mi lọ́nà tó pọ̀, ìgbà mìíràn Àbẹ̀ní á fa ìró, ìgbà mìíràn á fa ìborùn. Ibi tí wọ́n máa ń parí rẹ̀ sí ni kì í yí padà: "Ẹni tó ti pẹ́ nílé ti gbàgbé ibi tí òkùnkùn wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ forí gbá ògiri ni kó di ọwọ́ rẹ mú."

Bàbá Àgbà kò gbà. Òun náà ń kọ́ àwọn akọ̀wé tuntun níṣẹ́ ní ibùdó réluwéè Òṣogbo, ìlànà tirẹ̀ sì ni pé kí o fi ọmọ tuntun sílẹ̀ kó ṣìṣe. "Ẹni tí ìyà ò jẹ rí, kò lè mọ iṣẹ́," ni bàbá máa ń sọ lórí oúnjẹ, tí wọ́n á sì na òkèlè sókè bí ẹni tó ń dá réluwéè dúró. Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ ṣeun. Èrò inú ọkọ̀ tó dé Kano dípò Ìbàdàn ńkọ́, ṣé òun náà ń kọ́ṣẹ́ ni?" Ìjà yìí kò tán láé. Ọdọọdún ni wọ́n ń jà á, wọ́n sì ń gbádùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀ náà dé góńgó, tí wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tó fọ̀nà han àwọn rí, Ìyá Àgbà bu omi fún wọn, wọ́n ní, "Ìyẹn náà là ń rí lára yín."

Ní yunifásítì, ohun tí Ìyá Àgbà ṣe kò ju pé wọ́n kó ìṣe agbo ilé lọ síbi iṣẹ́. Olùkọ́ tuntun bá dé, ẹni tó dé gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀ ni yóò mú un rìn. Kì í ṣe ẹni tó dàgbà jù, kì í ṣe ẹni tó ní oyè jù, kì í ṣe ọ̀gá. Ẹni yẹn ni yóò fi hàn án ibi tí wọ́n ti ń gba ṣọ́ọ̀kì, ẹni tó yẹ kó kí kó tó bèèrè ilé, àga tí ènìyàn kì í jókòó sí ní yàrá àwọn olùkọ́ nítorí pé bàbá kan ti sọ ọ́ di tirẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń pariwo sọ̀rọ̀ láìbá a jà. Yóò jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀, yóò máa wò ó. Lẹ́yìn náà wọn á jọ jẹun, ohun tí wọ́n bá sọ kò ní dé etí ọ̀gá. Nígbà tí ẹlòmíràn bá dé, ẹni tí wọ́n mú rìn á di ẹni tó ń mú ni rìn. Kò sí ìwé kankan tó pa á láṣẹ. Ìyá Àgbà ló fi ojú àti ẹnu gbé e ró. Ẹnu yẹn kì í ṣe kékeré.

Mo dé ibẹ̀ láti kàwé nígbà tí mo pé ọmọ ogún ọdún ó dín díẹ̀, ní ẹ̀ka wọn gan-an, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Yunifásítì rán Ìyá Àgbà lọ sí òkè òkun fún ọdún kan láti fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́. Bí wọ́n ṣe lọ ni ọ̀gá tuntun dé sí ẹ̀ka náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní. Olóòótọ́ ènìyàn ni. Ohun tó bá sọ, òun ni yóò ṣe, ohun tí o bá sì sọ níwájú rẹ̀, yóò dì ọ́ mú. Wọ́n sọ fún un pé ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mọrẹ́nikẹ́ ló dé gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀, pé òun ni yóò mú un mọ ẹ̀ka. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo Mọrẹ́nikẹ́, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó ní, "Kí ọmọ yìí wá kọ́ èmi ní kí ni?" Láti ọjọ́ náà ló ti pa àṣà yẹn rẹ́. Ó ní kò bójú mu kí afọ́jú máa fọ̀nà han afọ́jú, pé òun fúnra òun ni yóò máa tọ́ gbogbo olùkọ́ tuntun sọ́nà. Ọkàn rere ló fi sọ ọ́.

Òun kan náà ló ń kọ ìròyìn tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá olùkọ́ tuntun yóò dúró tàbí yóò lọ. Ta ló máa wá dúró níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó sọ pé òun ò mọ̀?

Kọ́lápọ̀ dé lákòókò yẹn. Tíṣà ló ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó jọ̀wọ́ iṣẹ́ yẹn, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Opó ni ìyá rẹ̀, ó ń dáko ní Ìwàrajà, ó sì ti sọ fún gbogbo ìlú pé ọmọ òun ti di olùkọ́ yunifásítì. Ní Ìpetu, bí tíṣà bá ti máàkì tán, yóò dúró níwájú kíláàsì, yóò ka ohun tí kálukú gbà sókè. Ohun tí Kọ́lápọ̀ ṣe gan-an nìyẹn lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́. Kò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òfin lọ́dún yẹn pé olùkọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ sọ máàkì títí ìgbìmọ̀ ìdánwò yóò fi jókòó. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà jókòó, wọ́n yí máàkì àwọn kan padà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà bá fárígá, ariwo sì gba gbogbo ọgbà. Wọ́n pe ìpàdé láti pinnu pé kí Kọ́lápọ̀ máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá Àgbà padà dé. Wọn ò mọ Kọ́lápọ̀ rí. Wọ́n wọ ìpàdé náà nítorí pé ọmọ ẹ̀ka ni wọ́n, wọ́n jókòó, wọ́n sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń làágùn lábẹ́ fáànù. Ẹnu wọn àti ẹnu Kọ́lápọ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì yàtọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í pé, "Kí ló dé tó ò bi mí? Ilẹ̀kùn mi kì í tì."

Kọ́lápọ̀ ní, "Ẹ̀rù ló bà mí, sà."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Kí ẹ má baà mọ̀ pé mi ò mọ̀."

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní àánú ọmọ náà ṣe òun, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ tọrẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá lè dúró fún un pé irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́, kó sọ̀rọ̀. Kálukú ń wo bébà iwájú rẹ̀. Ìyá Àgbà bá dìde.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo ti kúrò nílé yìí fún odidi ọdún kan. Wọ́n ti yí ètò ìdánwò padà lẹ́yìn mi, wọ́n ti yí ètò ẹ̀kọ́ padà, mi ò mọ nǹkan kan mọ́. Níbi tí mo ti wá, ìyàwó tó bá kó jáde nílé ọkọ, tó wá padà, kì í bọ́ sí ipò rẹ̀ àtijọ́. Ìyàwó ìkẹ́yìn ló dà. Èmi ni mo dé gbẹ̀yìn. Ta ló dé ṣáájú mi?"

Gbogbo ojú yí sí Kọ́lápọ̀.

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó mú mi rìn fún táàmù kan. Bó bá ṣì mí lọ́nà, kí ẹ lé e. Kí ẹ sì lé èmi náà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní mú bíró rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ? Bí ẹ bá ní ẹni tuntun ni yín, bí ẹni tuntun ni n óò kọ yín sínú ìwé òṣìṣẹ́ o. Mi ò ní kọ òmíràn."

Ìyá Àgbà ní, "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni obìnrin tó ti lé ní ọdún márùn-dín-lọ́gọ́ta, tó ti wà ní ẹ̀ka náà láti ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọmọ Ìwàrajà kiri ọgbà. Kì í ṣe eré. Àpò wọn wà lọ́wọ́ ara wọn, wọn ò jẹ́ kó bá wọn gbé e. Wọ́n ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹni gbogbo: báwo la ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ báyìí, ta ló ń buwọ́ lu èyí? Wọ́n ń pè é ní "ìyálé mi", wọ́n sì ń sọ "ẹ" sí i. Kọ́lápọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ní "Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi," á ki orí bọ yàrá tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Lẹ́yìn náà ó rí i pé bí òun kò bá mọ ìdáhùn, àwọn méjèèjì ni yóò ṣubú, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bèèrè. Ó bi Mọrẹ́nikẹ́, ó bi àwọn àgbà, ó kan ilẹ̀kùn Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀. Kò tijú mọ́, nítorí pé kì í ṣe fún ara rẹ̀ ló ń bèèrè.

Nílé ní Òṣogbo, inú Bàbá Àgbà kò dùn. Wọ́n ní àwọn mọ̀lẹ́bí àwọn ní Iléṣà ti gbọ́, wọ́n sì ń bèèrè bóyá ìwé ti da orí ìyàwó àwọn rú. Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀wà lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ilé wọn ni mo ti kọ́ ọ."

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí táàmù. Mo wà nínú kíláàsì náà. A ti ṣe ìdánwò kékeré kan fún Ìyá Àgbà, wọ́n wọlé, wọ́n kó bébà wa lé tábìlì. Kọ́lápọ̀ jókòó sẹ́yìn, níbi tí àwọn tó ń mú ni rìn máa ń jókòó sí. Ìyá Àgbà wọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ẹ jókòó dáadáa, kí n ka ohun tí kálukú yín gbà." Wọ́n mú bébà àkọ́kọ́, wọ́n la ẹnu.

"Màmá, ẹ dúró!"

Kọ́lápọ̀ ti dìde. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe rò lọ, mo rí i lójú rẹ̀. Gbogbo wa yíjú sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin já lu ọ̀rọ̀ àgbà, obìnrin tó tó ìyá rẹ̀, níwájú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́! Ó ní, "Ẹ má kà á, Màmá. Ìgbìmọ̀ kò tíì jókòó. Òfin kò gbà á mọ́."

Mo mọ ojú tí Ìyá Àgbà fi wò ó. Ojú tí wọ́n fi wo ìdérí ìkòkò ni. Mo sọ nínú mi pé ó tán, ọmọ Ìwàrajà ti bá tirẹ̀ jẹ́. Ìyá Àgbà rọra dá bébà náà padà sórí tábìlì. Wọ́n yọ awò ojú. Wọ́n rìn gba àárín àwọn àga lọ sẹ́yìn kíláàsì, obìnrin tí kò sọ "ẹ má bínú" fún ọkọ rẹ̀ rí, wọ́n sì fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ má bínú, ìyálé mi. Mo gbàgbé. Ẹ ṣeun tí ẹ dá mi dúró."

Kọ́lápọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku ṣọ́ọ̀kì. "Yèyé o! Ẹ dìde, Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kú!" Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, ọ̀kan lórí eékún, ọ̀kan lórí àyà, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ dìde. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ní tèmi, omi ti dé ojú mi. Ẹ̀rù Ìyá Àgbà ti ń bà mí láti kékeré, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ohun tí ń bà mí lẹ́rù lára wọn kì í ṣe ìbínú wọn, bí kò ṣe pé wọn kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ.

Nígbà tí mo dé ilé, mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n lè gba ọmọ náà là. Wọ́n bínú sí mi. Wọ́n ní, "Mo gbàgbé ni! Ọdún mélòó ni mo ti ń ka máàkì sókè? Bí mo bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mi ò ní kúnlẹ̀. A kì í fi eékún ṣeré."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí wọ́n tún pe ìpàdé láti parí ọ̀rọ̀ Kọ́lápọ̀, ìbéèrè méjì péré ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í.

"Òótọ́ ni pé o já lu ọ̀rọ̀ Màmá níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?"

"Ó bà mí, sà. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ohun tó ṣe mí ni ì bá ṣe wọ́n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n buwọ́ lù ú kí Kọ́lápọ̀ dúró síṣẹ́. Ó tún ní kí àṣà Màmá padà sí ipò rẹ̀. Nígbà tó ń jáde, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọrẹ́nikẹ́, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ra ẹran tó dára, nítorí pé láti ìgbà tí òun ti dé, egungun ni wọ́n ń tà fún òun.

Ìyá Kọ́lápọ̀ wá láti Ìwàrajà pẹ̀lú iṣu tó kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Àwọn ìyá méjèèjì jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Òṣogbo, ọ̀kan ń sọ Ìjẹ̀ṣà, èkejì ń fi èdè Òṣogbo dá a lóhùn. Ìyá Kọ́lápọ̀ sunkún, Ìyá Àgbà ní kó má jẹ́ kí oòrùn pa iṣu tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Mo fẹ́ kí n dúró síbí. Ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ òkú á fẹ́ dúró síbi tó dùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí bàbá mi kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lábọ̀.

Kò ju ọdún mélòó kan lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Àjàní gba iṣẹ́ síbòmíràn, ipò ọ̀gá ẹ̀ka sì ṣí sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹni tó kàn. Bàbá Àgbà ti ra bàtà tuntun fún ọjọ́ ìwúyè. Bí ọ̀gá kò bá ti ìta wá, ẹni tó bá ti pẹ́ jù ní ẹ̀ka ni wọ́n ń fi jẹ ọ̀gá, àwọn tó wà lókè sì wo ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀: níbẹ̀, Ìyá Àgbà kò tíì pẹ́ rárá. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ní ìpàdé pé ẹni tuntun ni àwọn ni wọ́n ń kà fún wọn. Wọ́n gbé ipò náà fún ọkùnrin kan tó jẹ́ pé Ìyá Àgbà ló bá a wá ilé nígbà tó kọ́kọ́ dé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kọ́lápọ̀ sáré wá sí Òṣogbo. Kò jókòó. Ó ní, "Màmá, a ò ní gbà. Ẹ jẹ́ kí a lọ bá wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé ẹ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni. Èmi náà á jẹ́rìí."

Ìyá Àgbà ní, "Kí n sọ pé irọ́ ni mo pa?"

"Kì í ṣe irọ́, Màmá, ó..."

"Jókòó." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ ìpàdé yẹn tí wọn kò sọ "ẹ" sí i. "Bí mi ò bá jẹ́ ẹni tuntun lọ́jọ́ yẹn, ta ló fún ọ láṣẹ láti jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi? Ta ló ní kí o dá mi dúró? Lórí ohun tí o ṣe fún mi ni wọ́n fi buwọ́ lù ọ́. Bí mo bá yọ tèmi kúrò nísàlẹ̀, tìrẹ tó wà lókè ńkọ́?"

Kọ́lápọ̀ jókòó. Ó bo ojú, ó sunkún bí ọmọdé, Ìyá Àgbà sì jẹ́ kó sunkún tẹ́rùn. Nígbà tó lọ, èmi àti wọn nìkan ló kù ní pálọ̀. Mo bi wọ́n bóyá kò dùn wọ́n. Mo rò pé wọ́n á fi òwe dá mi lóhùn.

Wọ́n ní, "Ó dùn mí, Àkànní. Ó dùn mí wọ egungun. Mo fẹ́ jókòó sórí àga yẹn." Mi ò gbọ́ kí Ìyá Àgbà sọ pé àwọn fẹ́ nǹkan rí. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú wọn, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún pè mí sí yàrá yẹn lọ́la, tí mo bá tún bá ọmọ kan níbẹ̀ tó ń làágùn tí kò rẹ́ni sọ̀rọ̀ fún un, ohun tí mo sọ náà ni màá tún sọ."

Ní Ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé ẹ̀ka, Ìyá Àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ẹ̀ka, wọ́n ń dúró de ọ̀gá tuntun láti kí i kú oríire.